Ìdajì Òórùn

Ní Harlingen, létí òkun tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gé ni létí bí abẹ,
tábìlì kan náà ni èmi àti Sjoukje ti ń la ẹja,
ẹja pẹlẹbẹ, tí ikùn rẹ̀ funfun bí àwo.
Èmi, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.
Òun, ọjọ́ mẹ́ta,
nítorí ìyá rẹ̀ tó ti gbàgbé orúkọ gbogbo ènìyàn
àfi ti ajá kan tó kú kí wọ́n tó bí Sjoukje.

Lọ́dún yẹn, Lubbert ọ̀gá wa lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìjẹun:
owó òtútù, fún àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún nìkan.
Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tuntun, fún àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún nìkan.
Bàtà onírun nínú...
ibi bàtà ni Sjoukje ti bú sẹ́rìn-ín.
"Ọ̀gá, ẹ bá mi mú ti ẹsẹ̀ òsì nìkan wá,
kí n máa fi ẹsẹ̀ kan dúró bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú.
Ọdún kọkànlá mi rèé níbí."

Lubbert ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìka ò dọ́gba.
Ó ní ẹni tó dé lọ́jọ́rú kò lè bá ẹni tó dé lọ́jọ́ Ajé
du orí ẹja.

Sjoukje na ọwọ́ rẹ̀ sí i,
ọwọ́ pupa tó ti bó, tí iyọ̀ ti wọ ojú egbò:
"Òótọ́ ni, ìka ò dọ́gba.
Ẹ wá fi èyí tí yìnyín ò jẹ nínú wọn hàn mí.
Ṣé omi tútù ń wo kàlẹ́ńdà kó tó bu ni jẹ?
Ṣé ìdajì òórùn ni ẹja ń dì fún mi relé?
Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọdé tó ń fọwọ́ dí imú
kì í bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo fi ṣiṣẹ́."

Mo gbọ́. Mo ń la ẹja mi lọ.
Kí n má purọ́: ọkàn mi ní
bí wọ́n bá bù fún un, tèmi ni wọn ó bù.

Òfin wà. Òun ló sọ fún mi níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ,
ó ká ìwé náà sí mẹ́rin sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀:
pé a kò gbọdọ̀ torí iye wákàtí rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ;
ohun tó ṣeé wọ̀n, kí a wọ̀n ọ́n fún un níwọ̀n wákàtí rẹ̀,
ohun tí kò ṣeé là sí méjì, kí a fún un ní odindi.
"Odindi," ó tún un pè, bí ẹni tó fi suwíìtì sẹ́nu.
"Èmi ò bèèrè owó ọjọ́ márùn-ún.
Ọjọ́ mẹ́ta mi ni kí wọ́n má fọ́ sí wẹ́wẹ́."

Ẹjọ́ náà pẹ́.
Òtútù lọ, ẹyẹ òkun padà wá ń jí ìfun ẹja jẹ.
Ìyá rẹ̀ kú lóṣù kẹrin, ní Ọjọ́rú.
Wọ́n yọ ọjọ́ ìsìnkú kúrò nínú owó rẹ̀:
ìsinmi ọ̀fọ̀, ti àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún ni.
Mo fi ọbẹ lélẹ̀.
Mo ní n ó jẹ́rìí.

Adájọ́ obìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú
bi mí ní ìbéèrè kan péré:
ṣé iṣẹ́ ẹni yìí yàtọ̀ sí tìrẹ?
Mo ro ọbẹ, mo ro ikùn ẹja, mo ro omi.
Mo ní, "Ó yàtọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ."

Bàtà dé nínú páálí. Ẹsẹ̀ méjèèjì.
Ó tóbi jù fún un, ó fi ìbọ̀sẹ̀ kún un.
Nígbà tí owó oṣù wọlé, mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì.
Kọ́bọ̀ kan ò dín níbẹ̀.
Ojú tì mí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà a jọ wọ bọ́ọ̀sì,
òórùn wa sì kún un.